Kí Ó Tún Bẹ̀ Mí Lẹ́ẹ̀kan Sí I

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ìjọba gbé iṣẹ́ mi lọ sí Port Harcourt. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí kílọ́ọ̀bù kan ní Elekahia ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi tí n kì í mu ju ẹlẹ́rìndòdò lọ. Nítorí orin búlúùsì, orin pẹ̀lẹ́ tí ènìyàn méjì ń dira wọn mú jó, ni mo ṣe ń lọ. Wọ́n ń ta gìtá níbẹ̀, bàbá olóhùn gbígbẹ kan á sì máa kọrin bí ẹni tí ń ráhùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọkọ mi fẹ́ràn búlúùsì. Bí wọ́n bá gbé e sórí rédíò, á fà mí jáde nínú ilé ìdáná tòun ti àlùbọ́sà lọ́wọ́, a ó máa jó láàárín àwọn àga. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó dì mí mú mọ́. Ọwọ́ bíbọ̀ ní ọ́fíìsì nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti pinnu pé màá jó. N kò wá ọkọ o. Mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan di ọwọ́ mi mú títí orin kan á fi parí.

Nígbà tí orin rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun dìde níwájú, ó forí lé ọ̀dọ̀ mi. Ó tẹ́wọ́ sí mi.

“Madam, abeg, make we dance.”

“Ah, no o,” ni mo fèsì, mo sì rẹ́rìn-ín. “Leg dey pain me.”

Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn mí? Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ìjẹ̀bú, a kì í gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ní ká wá jẹun, a ó ní a ti yó, bí ebi tilẹ̀ fẹ́ pa wá kú. Onílé á tún bẹ̀ wá, a ó tún ṣàwáwí, ká tó wẹwọ́. Ọkọ mi gan-an bẹ̀ mí títí kí n tó gbà fún un, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Mo sọ àbọ̀ tèmi, mo ń retí kí ó tún tẹ́wọ́. Mo tiẹ̀ ti ti àga sẹ́yìn díẹ̀.

“No wahala, Madam. Sorry for the leg.”

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ó wá yíjú sí obìnrin tó dá jókòó ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìyẹn fi dìde. Mo bú u nínú mi, aláìnítìjú, obìnrin tí n kò mọ̀ rí. Ó na báàgì rẹ̀ sí mi.

“My sister, since you no dey dance, abeg help me hold am.”

Ìyẹn ni mo gbà lójú ẹsẹ̀, n kò kọ̀ rárá.