Ohun Tí Wọ́n Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́fẹ̀ẹ́

Inú bí obìnrin aránṣọ kan débi pé ó rán ọwọ́ aṣọ méjèèjì mọ́ apá kan ṣoṣo. Ó tú u, ó tún un rán, ibì kan náà ló tún gbé e sí. Ó pa ẹ̀rọ, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó jáde.

Kékeré, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ilé iṣẹ́ kan wà tó máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe áàpù lọ́fẹ̀ẹ́. Kò le rárá: àdírẹ́sì ímeèlì tí ilé ẹ̀kọ́ fún ọ ni wàá fi forúkọ sílẹ̀, wàá ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ rẹ ránṣẹ́, ó parí. Ohun tí àwọn oníṣòwò ń fowó gidi rà, Kékeré rí i gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ohùn fi há a. Òfin kan péré ló wà níbẹ̀: fún ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe fún òwò.

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ yìí, tí àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe áàpù fún àwọn oníbàárà. Ó ní kí Kékeré fún òun ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tó fi ń ṣí irinṣẹ́ náà. Ọmọ náà ń lọ́ tìkọ̀.

"Ṣé èmi tí mo pọn ìyá rẹ lo fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún?"

Ta ni yóò dá irú ìbéèrè yẹn lóhùn? Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní "ẹ ṣé" láti kékeré kò mọ ibi tí wọ́n ti ń mú "rárá". Ó fún un.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń ṣe áàpù fún oníburẹ́dì àti onílé ìtura. Wọ́n ti ilẹ̀kùn irinṣẹ́ náà pa mọ́ ọn. Iṣẹ́ àṣekágbá Kékeré, tí kò lè gboyè láìsí i, há sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ọjọ́ Ẹtì sì ni ilé ẹ̀kọ́ máa gbà á.

Lójú ọ̀nà, aránṣọ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá òun di ọwọ́ òun mú. Ọlọ́run dì í mú. Aránṣọ kò rántí fi ẹnu kún àdúrà náà.

"Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Oníbàárà méjì wà níjòókòó. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà rẹ ohùn sílẹ̀. "Jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

"Ṣé ilé lẹ ti bà á jẹ́ ni?"

"Ọ̀fẹ́ ṣáà ni, àbúrò mi. Kí ló dín níbẹ̀?"

"Ọ̀fẹ́ ni omi òjò náà. Ẹ gbé garawa ẹni ẹlẹ́ni kúrò lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá bi í pé kí ló dín."

Oníbàárà kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Kékeré ti kọ tiẹ̀. Wọ́n ní àfi kí ẹni tó lò ó sọ tẹnu ẹ̀."

"Níwájú oníbàárà mi?"

"Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n, èmi kọ́." Ó fa àga, ó jókòó.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà tẹ ìwé náà bí ẹni ń pa kòkòrò. Aránṣọ ní kó kà á sókè.

"'Ẹ jọ̀wọ́, àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa...'"

"Àṣìṣe ò ní ìka tó fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, Bùọ̀dá. Ẹ pa á rẹ́. Ẹ kọ 'èmi ni'. Ẹ fi kún un pé ọmọ náà ò jẹ̀bi."

Ó wo àwọn oníbàárà rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó kọ 'èmi ni', ó fi í ránṣẹ́.

Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Kékeré. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun tó yàn, kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ pàápàá, ìyá náà kò sì bèèrè. Ní ti Bùọ̀dá, aránṣọ ń kí i bó ṣe yẹ kí àbúrò kí ẹ̀gbọ́n. Inú rẹ̀ kò tíì yọ́.