Igi Tí Mo Sun Nítorí Nọ́ọ̀tì

Mo máa ń tètè bínú sí irin. Ènìyàn lè ṣẹ̀ mí kí n gbà á mọ́ra, ṣùgbọ́n irin tó bá ta kú máa ń mú mi ṣe bí wèrè. Wọ́n máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ nílé, èmi náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò fi rẹ́rìn-ín mọ́ láti ìgbà tí mo tú nọ́ọ̀tì bíréèkì ọwọ́ lọ́rì wa l'Ọ́tà, nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ni lọ́rì náà. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Èmi ni mo ń wà á, òun ló ń jókòó ti ẹrù lẹ́yìn, a sì ń kó gààrí àti igi ìdáná láti Igbesa àti Ìjù wá sí Ọ̀tà. Bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Níbikíbi tí mo bá ti dúró, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò bẹ́ sílẹ̀, tí yóò tú igi kan tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀, tí yóò sì fi há táyà kí ọkọ̀ má baà yí lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ igi náà lára ìrókò. Ọwọ́ rẹ̀ ti mú un dán bí ọmọ odó.

Orúnkún rẹ̀ ló wá ń dà á láàmú. Bí ó bá ti bẹ́ sílẹ̀, á di ara ọkọ̀ mú díẹ̀ kí ó tó lè rìn. Ó ń fi ẹ̀rín bò ó, ó ní àgbà ló ń dé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń jẹ ìrora. Mo pinnu pé n ó tún bíréèkì ọwọ́ náà ṣe kí ẹ̀gbọ́n mi lè yé bẹ́. Ìfẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí ìyẹn.

Mo ra okùn irin tuntun ní Èkó. A kò gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wá, kí la fẹ́ gbé irin fún ẹlòmíràn ṣe? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, a fi òkúta gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè lójúde. Nọ́ọ̀tì méjì ló di okùn àtijọ́ mú lẹ́yìn táyà. Ọ̀kan tú. Èkejì ti dípẹtà, ẹrẹ̀ ọ̀nà Igbesa ti jẹ ẹ́ mọ́ irin, kò tilẹ̀ mì.

Mo fi sípánà fà á títí sípánà fi yọ̀, tí ìka mi bó. Mo ki páìpù bọ ìdí sípánà kí n lè rí agbára sí i. Kò gbọ́. Mo bú u, mo bú ẹni tó rọ ọ́.

"Ṣé nọ́ọ̀tì ló gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹ ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n o."

Bàbá wa, kí ó tó gba ẹ̀sìn, kì í fi òòlù kan irin tó le láìkọ́kọ́ ta epo pupa sí i. Mùsùlùmí ni àwa, a kò bọ Ògún, ṣùgbọ́n àṣà ilé alágbẹ̀dẹ kò kúrò lọ́wọ́ wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ahá epo kan jáde fún wa, ó sì bá ọjà rẹ̀ lọ.

"Fi ìka kàn án díẹ̀ ni o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kó má ṣàn wọnú bíréèkì."

Mo da gbogbo ahá náà sí i. Síbẹ̀ kò tú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní a ó fi irin gbígbóná ràn án. Ó ní kí n dúró, kí òun lọ kírun Alásàrí, òun yóò gba àgbẹ̀dẹ kó èédú bọ̀. Ta ni ó fẹ́ dúró? Ojú mi bọ́ sí igi ìrókò náà. Mo ní lọ́kàn mi pé bíréèkì ti dé, kí la tún fẹ́ fi igi ṣe? Mo gbé àáké, mo là á sí mẹ́rin, mo fi dáná. Inú mi dùn bí mo ṣe ń là á. Mo ki ọ̀pá irin bọ inú iná náà títí ó fi pọ́n, mo wá gbé e lé nọ́ọ̀tì lórí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dún ká, ó sì yí. Mo hó bí ọmọdé.

Eérú ni ẹ̀gbọ́n mi bá nígbà tó dé.

"Igi mi lo sun yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní bẹ́ mọ́ láyé yín."

Ó fi ẹsẹ̀ tú eérú náà wò. "Ó dáa náà," ló wí. "Òkúta ṣì pọ̀ lọ́nà."

A so okùn tuntun. Mo fa bíréèkì, a jọ ti ọkọ̀, kò mira. Ojúde wa tẹ́jú, ọkọ̀ sì ṣófo, n kò ro ìyẹn mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ Ajé, a di ẹrù kún ọkọ̀ ní Ìjù. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, okùn ẹrù tú. Mo dúró, mo fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rọra sọ̀kalẹ̀, kò bẹ́, ó yí sẹ́yìn láti so okùn. Èmi náà bọ́ sílẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Ọkọ̀ mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Mo pariwo pé kó sá. Àyè wà láti sá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Ó nà án síbi tí a máa ń so igi mọ́. Kò bá nǹkan kan. Ó tún nà án. Nígbà tó fẹ́ yà, orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un mọ́.

A sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Ìka lásán ni mo fi yí nọ́ọ̀tì yẹn kúrò. Epo pupa ti rin awọ bíréèkì tó yẹ kó di irin táyà mú nínú, ó ń yọ̀. Irin gbígbóná mi ló yọ́ epo wọlé. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Àwọn ará àdúgbò ti dá ẹ̀bi fún òkú ní tiwọn. Wọ́n ní ká ní ó fi igi há táyà bó ṣe máa ń ṣe ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó wà nínú opó pè mí láti ojú fèrèsé.

"Ọkọ mi, wọ́n ní ó gbàgbé igi. Ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan! Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi.

"Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ìyàwó wa," ni mo wí.

"Ó yẹ kó rántí àwa tó wà nílé," ló wí, ó sì ti fèrèsé.

Títí tí obìnrin náà fi kú, bó bá ti dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ìbínú ló máa ń kọ́kọ́ jáde, pé ó gbàgbé. Mo ń gbọ́, mo ń mi orí. Kò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló nawọ́ wá a.