Òróró Lára Ọta

Èmi ò fẹ́ràn ṣọ́jà, mo sì máa ń tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe ní Ìkẹ́rẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ariwo àti àṣẹ ò sì bá mi lára mu. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà ni Ọlọ́run fi ṣe aládùúgbò mi: Bámigbóyè, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sájẹ́ńtì. Láti ìgbà tó ti kúrò ní bárékè ni a ti jọ ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, à ń jiyàn, à ń jẹ ẹ̀pà. Bí ọjọ́ kan bá lọ tí n ò gbọ́ ohùn rẹ̀, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi.

Ohùn yẹn ńkọ́? Bí ẹni ń bá ará òdìkejì odò sọ̀rọ̀ ni. Ìbọn ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí fóònù rẹ̀ bá dún, orí sípíkà ló máa ń fi í sí, gbogbo wa á sì máa gbọ́ ohun tí ẹni tó pè é ń sọ. Kò sí àṣírí nílé Sájẹ́ńtì.

Iṣẹ́ tó ṣe nínú ológun kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀. Òun ló ń pín ọta ìbọn. Bí àwọn ọmọ ogun bá fẹ́ jáde, wọ́n á tò síwájú yàrá rẹ̀, oníkálukú á ṣí fìlà, á nà án síwájú bí ẹni tó fẹ́ ra gààrí. Sájẹ́ńtì á gé agolo ọta, á kà á sínú fìlà, ẹni tó gbà á á fọwọ́ sí ìwé, ó di abẹ́ igi. Abẹ́ igi yẹn ni iṣẹ́ gan-an wà. Wọ́n á fi àkísà gbígbẹ nu ọta lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọ èyí tó bá dógùn-ún sọ́tọ̀, wọ́n á wá máa fi àtàǹpàkò tẹ ìyókù wọ inú màgasíìnì, ìyẹn àpò irin tó ń wà lábẹ́ ìbọn. Sípíríìnì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń ti ọta sókè kí ìbọn lè rí i gbé. Wọn kì í jẹ́ kó kún dẹ́nu, kí sípíríìnì má baà há. Bí wọ́n bá kì í tán, wọ́n á gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ itan kí ọta lè tò dáadáa. Bí wọ́n bá sì ti òde ogun dé, wọ́n á dá èyí tó kù padà. Àwọn mìíràn kì í padà wá.

Ó ti sọ gbogbo èyí fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi lè bá ìjọba pín ọta. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó bá mi ki ẹ̀pà sí màgasíìnì kí n gbé e lọ sóko.

Pẹ̀lúmi ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí òun àti Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ bí, òun náà ló sì lọ wọṣẹ́ ológun. Wọ́n gbé e lọ sí apá òkè lọ́hùn-ún, nínú yanrìn, níbi tí ogun ti le. Nígbà tó wálé fún Àjíǹde, bàbá rẹ̀ mú un jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ó ń kọ́ ọ ní ohun tí ìjọba ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

"Gbígbẹ l'ọta ń fẹ́. Ọ̀rá kankan éè gbọdọ̀ kàn án. B'ó bá r'ọ́rá pẹ́nrẹ́n, yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, ubọn á há."

"Mo ti gbọ́, Dádì." Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín.

Mojísọ́lá wà nídìí iná, kò gbọ́ èyí. Tiẹ̀ wà nínú ìgò kékeré kan: òróró tí gbogbo ìjọ gbàdúrà sí lọ́jọ́ Àìkú. Èmi náà nawọ́ sí i, mo ṣe àmín tó ròkè. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Pẹ̀lúmi máa lọ, Mojísọ́lá fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ó fi ìgò náà lé e lọ́wọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí á tó mọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jáde sí wa, inú rẹ̀ ń dùn.

"Bàbá Pẹ̀lúmi, ẹ bá mi gbé ìgò òróró kan dé gáréèjì lọ́la. Èyí t'ó wà lọ́ọ́ ọmọ mi ti ń tán lọ."

"Kí ló fi ń ṣe?"

"Ọta ubọn rẹ̀ ló fi ń pa. Mo ní kó máa pa á sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó kì í. Òun àti Caleb ni wọ́n jọ ń lò ó."

Caleb ni ọ̀rẹ́ Pẹ̀lúmi lójú ogun, ọmọ Òmùò-Èkìtì. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ náà ti kú. Màámi ló ń pe Mojísọ́lá lórí fóònù, obìnrin náà kì í sì í jẹ́ kó lọ láìbi í bóyá ó ti jẹun.

Sájẹ́ńtì dìde. Ẹ̀pà orí itan rẹ̀ dà sílẹ̀.

"Mojísọ́lá, o ti pa mí! Yanrìn ni gbogbo ulẹ̀ ibẹ̀. Òróró á mú un, á di ẹrẹ̀ nínú màgasíìnì. Ọmọ rẹ á yìnbọn, ubọn éè níí dún!"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Òróró tí pásítọ̀ gbàdúrà sí ló máa pa ọmọ mi?"

Àwọn méjèèjì kọjú sí mi. Lójú tèmi, orí èèyàn ni Bíbélì ní kí á da òróró sí, n ò rántí ibi tó ti sọ̀rọ̀ irin. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà nínú àdúrà yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀pà tó dà sílẹ̀, inú sì ń bí mi sí ara mi.

Sájẹ́ńtì pe fóònù Pẹ̀lúmi, kò lọ. Ó pe ti Caleb, bákan náà. Ó ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, mo kọ ọ́: "Nu gbogbo ọta rẹ. Aṣọ gbígbẹ ni kí o fi nù ún. Sọ fún Caleb." Ọ̀rọ̀ náà ò wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan ń sin ẹja, òmíràn ń ṣàìsàn. Èyí tó ń sin ẹja ló bá a wá nọ́ńbà ọ̀gá ológun kan. Ọ̀gá náà fi sùúrù dá a lóhùn.

"Bàbá, wọ́n ti jáde lọ síbi iṣẹ́ kan. Èmi gan-an ò lè bá wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ máa gbàdúrà."

Sájẹ́ńtì wo fóònù náà. "Àdúrà ló gbé wa débí," ló wí.

Kò lè lọ sóko mọ́. Òun tó ti pín ọta fún ìran ọmọ ogun, kò rí ọ̀nà tó lè fi nu ọta ọmọ tirẹ̀. Ó ṣe mí láàánú débi pé n kì í lè wo ojú rẹ̀. Mojísọ́lá ò bá a sọ̀rọ̀, ààwẹ̀ ló ń gbà. Ṣùgbọ́n mo bá a nídìí kànga lọ́jọ́ kan, ẹkún ló ń sun. Ó ní, "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni Bàbá Pẹ̀lúmi ń sọ?" Mo ní Bíbélì ni mo kọ́ ọmọ iléèwé, n ò kọ́ wọn ní ìbọn. Ìdáhùn ojo ni, mo mọ̀.

Ìgbà tí fóònù máa dún, ìrọ̀lẹ́ ni, èmi àti Sájẹ́ńtì la wà lọ́dẹ̀dẹ̀.

"Dádì."

"Pẹ̀lúmi! Ara rẹ dá?"

"Ara mi dá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yín wọlé."

"Ọta rẹ ńkọ́?"

"Tèmi gbẹ, Dádì. N ò fi òróró kàn án rí. Bí ẹ ṣe ní kí n ṣe ni mo ń ṣe. Irọ́ ni mo ń pa fún Màámi."

Sájẹ́ńtì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà pariwo, mo gbá a lẹ́yìn bí ọmọdé. A ò tètè gbọ́ pé Pẹ̀lúmi ń sunkún.

"Caleb ni mo fún ní ìgò náà. N ò lè da òróró Màámi nù. Òun ló ń pa á sí tirẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó gbàdúrà lé nǹkan fún òun rí láyé. Mo ń wò ó, n ò sọ fún un. Mo rò pé... n ò mọ ohun tí mo rò, Dádì. Wọ́n ká wa mọ́ ojú ọ̀nà. Ìbọn rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan, kò dún mọ́. Ó yọ màgasíìnì, ó ń gbá a mọ́ itan, ó ń gbá a mọ́ itan..."

Kò parí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Mojísọ́lá ti sáré jáde, ìró rẹ̀ ń tú. Ó ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti inú ilé, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú fóònù, ó dúpẹ́, ó yí nílẹ̀, ó dìde, ó jó yí wa ká.

"Ṣé ẹ ti rí i? Òróró tí ẹ ní ó máa pa á! Pẹ̀lúmi, Caleb ńkọ́? Gbé fóònù fún un, kó gbọ́ ohùn mi."

Sájẹ́ńtì tẹ̀ síwájú kí ọmọ náà tó lanu.

"Ó ti sùn," ni Sájẹ́ńtì wí.

"Lásìkò yìí?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ mọ́ fóònù, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà jí ọmọ náà.

"Má jí i o. B'ó bá jí, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kí i."