Alùpùpù Méjì, Ìjókòó Ẹ̀yìn Kan

Ìwé tí mo kà kò tó ohun tí èèyàn fi ń pa irọ́ tó gùn tó èyí. Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín yẹn ni mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Irú ni mo ń tà. Bantè ni mo ti ń sè é, Savalou ni mo ti ń tà á fún àwọn ìyá olóúnjẹ tí wọ́n ń sọ èdè Mahi. Ẹ mọ bí irú ṣe ń rùn. Èmi ò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ó ti di òórùn ara mi. Àmọ́ àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, àwọn zẹmijan, imú tiwọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti rí apẹ̀rẹ̀ mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á yí orí padà bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ọ̀kan tilẹ̀ sọ fún mi pé ìyàwó òun lé òun sùn sórí ẹní lọ́jọ́ tí òun gbé mi. Mo ní kó bá mi kí ìyàwó rẹ̀.

Mo ń ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìdájí ni àwọn olóúnjẹ yẹn ń dáná. Bí irú mi kò bá tíì dé kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná, ti ẹlòmíràn ni wọ́n á rà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù kan, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìkẹyìn. Àfi kí n ra alùpùpù ti ara mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa se irú tí èmi nìkan á máa jẹ.

Mo lọ bá Bàbá Ràímì, tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ọjà Bantè, tó sì ń tà á pẹ̀lú. Méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan dàgbà ju ọmọ mi àgbà lọ: irin gidi, táǹkì rẹ̀ rí roboto bí ikùn olóyún, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta á kó tó jí, ìjókòó rẹ̀ gùn, ó tẹ́jú, ó lè gba èèyàn mẹ́ta àti ewúrẹ́ kan. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí: bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀, iná rẹ̀ rí bí ojú ológbò, ike bo gbogbo ara rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì gbé sókè bí ti agbọ́n. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìjókòó rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ṣì wà lórí rẹ̀.

Bàbá Ràímì yin àwọn méjèèjì débi pé mo bi í bóyá ọmọbìnrin rẹ̀ ló fẹ́ fi fọ́kọ. Ó ní ti àtijọ́ kì í kú, bó bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, wáyà lásán ni wọ́n á fi jí i ní abúlé èyíkéyìí. Ó ní ti tuntun kì í mu epo ẹsáǹsì, bíréèkì rẹ̀ á ti dá èèyàn dúró kó tó rántí pé òun fẹ́ dúró, àmọ́ bí ike rẹ̀ bá fọ́, ó di Kútọnu kí wọ́n tó rí òmíràn rà. Mo ní èmi kì í ra gàárì láì fi sẹ́nu. Ó gbà kí n gun ti àtijọ́ lọ sí Savalou lọ́jọ́ ọjà kan, kí n gun ti tuntun lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, kí n wá mú èyí tí ọkàn mi bá fẹ́. Gígùn ún kò le fún mi. Ọkọ mi tó ti kú ló kọ́ mi.

Ti àtijọ́ rọra gbé mi dé Savalou bí ẹni gbé ìyàwó. Mo tajà tán kí oòrùn tó le, mo so apẹ̀rẹ̀ òfìfo mọ́ orí táǹkì níwájú mi, mo kọrí sílé.

Nígbà tí mo dé àárín ọ̀nà, ọ̀sán ti pọ́n gangan. Ẹ̀yin tí ẹ ń rin títì yẹn mọ̀ pé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ lè má kọjá fún ìgbà pípẹ́, ẹyẹ pàápàá á dákẹ́. Mo dúró lábẹ́ igi kajú kan kí irin náà lè tutù. Mo wá ń yẹ ọjà wò bí oníṣòwò. Mo wo táyà. Mo wo ṣéènì. Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, kí n lè mọ̀ bóyá fóòmù inú rẹ̀ ṣì dára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ará ibí. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹni tó wà lórí alùpùpù bá rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kì í pariwo pè é. Ìjókòó ẹ̀yìn ló máa gbá. Ìyẹn ni pé, gùn ún, a jọ ń lọ. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Fóòmù ni mo ń dán wò.

Mo gùn ún, mo ta á, ó jí. Kí n tó ki jíà bọ̀ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ rì. Ó rì bí ìgbà tí obìnrin alára ńlá bá gùn ún, sípíríǹgì rẹ̀ sì ké. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní Bàbá Ràímì ló fẹ́ ta òkú sípíríǹgì fún mi yìí, mo sì ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó fi já a lórí owó. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ jáde pé ẹni tó bá gùn ún kó jókòó dáadáa.

Ìgbà yẹn ni òórùn náà dé.

Èmi onírú ni mo ń sọ̀rọ̀ òórùn o. Kì í ṣe òórùn òkú ẹran, mo mọ ìyẹn. Èyí dà bí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò, tí irun orí rọ̀ sínú rẹ̀, tí èémí ẹnu tí wọn kò là láti ọjọ́ pípẹ́ wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ etí mi ọ̀tún ló ti ń wá. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Itọ́ kún ẹnu mi, mo tu ú dànù, òmíràn tún kún un.

Ẹ̀yìn aṣọ mi wá tutù. Kì í ṣe òógùn. Ó ń yọ̀ bí ilá.

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Dígí kan ṣoṣo ló wà lára alùpùpù náà. Mo rọra ń yí i títí mo fi rí èjìká mi nínú rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Èjìká mi nìkan ni, àti aṣọ mi, aṣọ náà sì tẹ̀ wọnú ní ojú mẹ́rin, bí ìgbà tí ìka mẹ́rin bá di èèyàn mú. Bí mo ṣe ń wò ó, ọ̀kan nínú wọn kúrò níbi tó wà, ó wá ibi tí ẹran ti rọ̀, ó tún tẹ ibẹ̀.

"Ta ni?" Bóyá ni èmi fúnra mi gbọ́ ohùn mi.

"Máa lọ," ni ó wí sí mi létí.

Mo lọ. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Nígbà tí mo dé ìwọ̀lú Bantè, ẹ̀yìn alùpùpù gbé sókè, òórùn náà sì lọ.

Bàbá Ràímì wo ẹ̀yìn aṣọ mi, ó fi ìka kan kàn án, ó sì lọ fi iyanrìn bó ìka náà. Ó yẹ sípíríǹgì wò, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn oníbàárà tó kù má baà gbọ́.

"Ìyá Onírú, ti àtijọ́ yìí ti gba ọwọ́ èèyàn púpọ̀ kọjá, mi ò lè mọ gbogbo wọn. Ẹ mú tuntun. Ẹnikẹ́ni ò tíì kú lórí ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu. Ohun tó bá wà lára irin, irin náà ni kó máa bá gbé. Ti tuntun, inú páálí ló ti jáde, ta ló fẹ́ kú sínú páálí? Mi ò tilẹ̀ dán an wò mọ́ bí a ṣe ṣàdéhùn. Mo sanwó, mo tẹ̀ka sí ìwé, mo sì ní kó fi ọ̀rá sílẹ̀ lórí ìjókòó, kí gbogbo Savalou lè rí i pé tuntun ni mo gùn.

Ní ọjọ́ ọjà, ó sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Irú mi ti dé kí àwọn olóúnjẹ tó ṣáná. Nígbà tí mò ń bọ̀ lọ́sàn-án, mi ò dúró lábẹ́ igi kajú yẹn, mi ò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Mo fi eré kọjá. Inú mi dùn débi pé mo ti fẹ́ dá orin.

Ni mo bá gbọ́ tí ọ̀rá dún lẹ́yìn mi. Kẹ́rẹ́. Ó dákẹ́. Kẹ́rẹ́. Bí ẹni tó ń wá ibi tó máa gba ìdí rẹ̀.

Ìjókòó tuntun yìí dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú. Ti àtijọ́, ó kéré tán, ó fi àyè díẹ̀ sáàárín àwa méjèèjì. Lórí èyí, ńṣe ló yọ̀ wá títí ó fi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn pátápátá. Ikùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ó gbé àgbọ̀n lé èjìká mi, àgbọ̀n náà sì lómi. Nǹkan kan kán láti ibẹ̀ wọ àárín ọyàn mi. Títí di òní, mi ò fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Mo bì sórí táǹkì tuntun.

Ó wá yé mi. Kì í ṣe alùpùpù ló yàn. Èmi tí mo gbá ìjókòó pè é ló yàn.

Láti ọjọ́ náà, kò dúró de ọ̀sán mọ́. Àlọ ni, àbọ̀ ni. Mo so apẹ̀rẹ̀ irú mọ́ ẹ̀yìn kí àyè má baà sí fún un. Nígbà tí mo tú u ní Savalou, irú náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ibi tí ìdí gbé jókòó lé e sì hàn kedere, ti ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ. Mo ti ta ọ̀pọ̀ nǹkan tí kò yẹ kí n tà láyé mi. Mi ò ta ìyẹn. Mo dà á sígbó, ọjọ́ yẹn náà sì ni méjì nínú àwọn olóúnjẹ mi lọ bá ẹlòmíràn.

Ohun tó kù ni kí èèyàn gidi gba àyè ẹ̀yìn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ́fẹ̀ẹ́. Ará abúlé Atokoligbé tó ń ti ọjà bọ̀, arúgbó tó ru igi, ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọkọ mi tó kú ló fi ọkàn rere sílẹ̀ fún mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti wà lẹ́yìn, ara mi máa ń gbẹ, mo sì rò pé mo ti bọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ aṣọ funfun ti ìjọ wọn, láìwọ bàtà, tó ń lọ sí ìsìn. A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ọ tó ń rọra gbàdúrà. Àdúrà náà dákẹ́. Ó wá sún ẹnu mọ́ mi létí.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ta ni ẹni tó jókòó sáàárín wa?"

Mo ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí n gbọ́. Mo fi kún eré. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, iwájú aṣọ rẹ̀ ti pọ́n bí omi ẹ̀gẹ́ láti àyà dé orúnkún. Ó wo aṣọ náà, ó wò mí. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Nígbà tó ń lọ, mo rí i pé ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó pọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ kò pọn nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni ẹ̀yìn mi fi wà ní gbígbẹ. Mo tajà, àwọn olóúnjẹ méjèèjì padà wá. Mo mọ ohun tí mo ṣe, ó sì ń kó mi nírìíra ju òórùn yẹn lọ, àmọ́ mo sùn. Mo sùn dáadáa. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀rá tún dún lẹ́yìn mi.

Mi ò rí ọ̀dọ́bìnrin náà mọ́. Mi ò sì béèrè rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé èwo ló dára jù lójú ọ̀nà, ti àtijọ́ tàbí ti tuntun. Ẹ ra èyí tó bá wù yín. Àmọ́ bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ láàárín Bantè sí Savalou, tí obìnrin kan tó ń rùn bí irú dúró tì yín, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní kí ẹ gun ẹ̀yìn òun lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Kò ní gbà. Yóò fi oòrùn bẹ̀ yín, yóò fi ẹsẹ̀ tó ń ro yín bẹ̀ yín, nítorí ó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ oníbàárà.

Ẹ máa rìn lọ. Ọjà mi ni mò ń dù.