Òkúta Tó Yadi

Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta ẹ̀rọ tó ti sán, wọ́n tà á fún bàbá mi bí ojúlówó, ó sì ṣe bàbá mi lójú òsì.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Èmi ni mo bá bàbá mi lọ rà á ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Bàbá mi kì í ṣe káfíńtà. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe fẹ̀yìn tì ní Odogbolu, igi ni wọ́n kàn fẹ́ràn. Lábẹ́ páànù ẹ̀yìn ilé wa ni tábìlì iṣẹ́ wọn wà, pẹ̀lú ìfági oríṣiríṣi àti ẹ̀rọ kékeré oníná tí òkúta ribiti ń yí lára rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń pọ́n abẹ ìfági. Wọ́n á fi ẹnu abẹ kan òkúta náà fẹ́ẹ́rẹ́, iná á máa ta jáde, wọ́n á yára rì í sínú agolo omi.

"Má jẹ́ kó gbóná o," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Abẹ tó bá ti dúdú lẹ́nu, agídí rẹ̀ ti lọ nìyẹn."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi fá irun apá òsì wò. Apá yẹn kì í ní irun. Màmá mi á ní, "Bàbá wọn, ẹ kúkú lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀."

Nígbà tí òkúta àtijọ́ jẹ tán, a gbé ẹ̀rọ náà dání lọ sí ìsọ̀ kan lọ́jà láti ra tuntun tó máa bá a mu. Ìyá tó bí bàbá mi ta ìkòkò ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó sì kọ́ wọn pé a kì í ra ohun tí a fi iná sun láìgbá a létí. Bó bá dún gooro, ó yè. Bó bá ní "pọ̀", ó ti sán nínú. Ó yadi nìyẹn. Iná ni wọ́n fi sun òkúta ẹ̀rọ náà, ìwé tí mo kà nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì kò sì sọ ohun mìíràn: kàn án, gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bàbá mi ki ìka bọ ihò àárín òkúta náà, wọ́n gbé e rọ̀, wọ́n na ìka kejì láti kàn án. Ọlọ́jà já a gbà.

"Hà, Bàbá! Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ lẹ fẹ́ rà ni?"

"Mo fẹ́ gbóhùn ẹ̀ ni."

"Ẹ má gbá ọjà àárọ̀ mi létí o! Mi ò tíì tà rárá lónìí. Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú yìí sá! Òkúta gbọ́dọ̀ kọrin fún yín kẹ́ ẹ tó rà á."

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ọmọ ìyá oníkòkò ni wọ́n. Wọn ò fẹ́ ba àkọ́tà ẹlòmíràn jẹ́. Mo fẹ́ jà, wọ́n fojú bá mi wí. Ìwà ọmọlúàbí yẹn gan-an ni wọ́n fi rẹ́ bàbá mi jẹ. Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló de òkúta náà mọ́ ẹ̀rọ, ó fi páálí àti irin há a típẹ́típẹ́. Òkúta tí a bá ti há báyẹn, kò lóhùn tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ mọ́.

Nílé, bàbá mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ yí lásán. Kò ṣe nǹkan kan. Abẹ fara kàn án báyìí, ó fọ́ yángá. Àfọ́ kan la jígí ojú wọn kọjá.

Mo ṣa àfọ́ yòókù. Gọ́ọ̀mù gbígbẹ wà lójú ibi tó sán, bébà àmì ọjà tuntun ni wọ́n fi bò ó. Mo gbé e padà lọ.

"Bó ṣe dé ni mo ṣe tà á," ni ọlọ́jà wí.

Olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà ní, "Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ sí i."

Òjìji nìkan ni ojú òsì bàbá mi ń rí báyìí, dókítà ò sì ṣèlérí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bá wọn lábẹ́ páànù lánàá. Wọ́n ń fi àtàńpàkò wá ẹnu abẹ, ẹ̀jẹ̀ ti yọ, wọn ò mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kó òkúta yẹn wọlé, ẹ̀yin tí ẹ tà á, ẹ̀yin olórí ọjà: ta ló fi gọ́ọ̀mù sí i? Ta ló lẹ bébà lé e? Irú rẹ̀ mélòó ló ṣì wà lórí àtẹ yín? Mi ò wá "ẹ pẹ̀lẹ́". Ẹ dá mi lóhùn.