Ìbéèrè Tó Ṣẹ́kù ní Kòmu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rí ìyàwó mi kẹ́yìn, ìdérí bíírò ló ń wá. Ó tú báàgì rẹ̀ palẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní èmi ni mo mú un, nítorí mo máa ń jẹ ìdérí bíírò lẹ́nu bí ẹni jẹ obì. Mo ní n kò rí i. Irọ́ ni! Ó wà lápò mi.

Rábì lorúkọ rẹ̀. Tísà ni àwa méjèèjì ní Ìṣẹ́yìn kí a tó wọ fásitì lọ́dún kan náà. Òun ń kọ́ ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, èmi ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìyá mi ní àwọn fara mọ́ ti kọ̀ǹpútà, torí pé àwọn kò mọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ sí fásitì lọ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ?

"Màmá, ẹ wo ọmọ yín dáadáa," ni Rábì dá wọn lóhùn. "Ṣé kò yẹ kí wọ́n rán àwọn náà lọ kọ́ ọ?"

Òótọ́ ló sọ. N kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí a bá wọ ilé onílé, Rábì ló máa ń kí wọn, èmi á kàn jókòó tì í.

Lọ́dún tó kẹ́yìn, ó mú pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀: ǹjẹ́ àwọn àgbẹ̀ ń gbọ́ ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ orí rédíò? Ó lọ béèrè ní Ìpàpó, ó lọ béèrè ní Kòmu tí wọ́n ti bí ìyá mi. Èmi ni n óò fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìdáhùn wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo ń sọ o! Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní fásitì wa, odindi yàrá kan ló gbà. Inú káàdì la ti ń lu ihò, ihò kan fún bẹ́ẹ̀ ni, òmíràn fún rárá. A ó kó káàdì fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, a ó sì padà wá gba èsì lọ́jọ́ kejì.

Èsì dé. Gbogbo àwọn ará Kòmu tó bi léèrè ló ní bẹ́ẹ̀ ni! Kò sí rárá kan ṣoṣo. Mo rò pé mo ti ṣi ihò lù, mo yẹ káàdì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí àṣìṣe. Mo wá ṣí ìwé tí Rábì kọ ìdáhùn sí. Bàbá Sùlé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, sọ pé àwọn ń gbọ́ ètò náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá Sùlé tí kò ní rédíò!

Mo sọ fún Rábì, n kò sì sọ ọ́ dáadáa. Mo ní gbogbo ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ tó ń kọ́, irọ́ ló fi ń kó jọ. Ó ní àṣìṣe òun ni, pé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé wọn lòun ṣe béèrè, ìyàwó ilé wọn náà sì ni wọ́n dá lóhùn. Ó kọ ìbéèrè tuntun. Kò ní béèrè mọ́ bóyá wọ́n ń gbọ́ rédíò, yóò ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn fún òun. Bí iṣẹ́ náà kò bá pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní gboyè lọ́dún náà. A wá sílé fún ìsinmi, ó tún lọ béèrè ní Ìpàpó. Ó ku Kòmu.

Kòmu ló ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní kí n bá òun lọ. Mo ní mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń kọ lọ́wọ́.

"Àwọn ìwé yìí ò ní bá yín kí àwọn èèyàn yín o," ló wí, ó sì jáde.

Mọ́tò tó wọ̀ gbókìtì kí wọ́n tó dé Ọ̀tu. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àwọn lè lo èsì Kòmu ti àkọ́kọ́, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé náà sí ilé ìkàwé wọn lórúkọ Rábì. Àánú ló ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí orúkọ Rábì yóò wà lára rẹ̀, ṣé irọ́ ni yóò wà nínú rẹ̀? Irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ní irọ́?

Mo mú fáìlì rẹ̀, mo wọ mọ́tò Kòmu.

Bàbá Sùlé ń ṣa iṣu níwájú ilé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo dákẹ́.

"Ṣé o wá bá mi dákẹ́ ni?" ni wọ́n wí. "Ìyàwó rẹ ì bá ti béèrè gbogbo ọmọ mi tán báyìí."

Mo ṣí fáìlì. "Bàbá, kí lẹ gbọ́ kẹ́yìn nínú ètò àgbẹ̀ orí rédíò?"

"Rédíò wo? Ta ló ní rédíò?"

"Ẹ sọ fún un pé ẹ ń gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Wọ́n gbé iṣu ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ìyàwó ilé wa wá láti Ìṣẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ nínú eruku yìí, ó béèrè ohun kan péré lọ́wọ́ mi. Kí n wá ní rárá? Kó padà lọ́wọ́ òfo?" Ohùn wọn wálẹ̀. "Àbí ohun tí mo sọ yẹn ló tún mú un padà sọ́nà?"

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Mo lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo lè ní ọ̀rọ̀ líle tí èmi náà sọ sí i wà níbẹ̀.

Mo ní rárá. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ kó pé.

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo rí i pé bí Bàbá Sùlé ṣe dá Rábì lóhùn ni èmi náà ṣe dá wọn lóhùn. Mo wolẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé: kò ní rédíò, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni tó fẹ́ràn wa lè ṣàánú wa títí tí kò fi ní sọ òótọ́ fún wa. Ọwọ́ ẹni tó ń béèrè ló kù sí, kí ó béèrè lọ́nà tí òótọ́ kò fi ní ti ẹnikẹ́ni lójú. Ìyẹn ni Rábì lọ kọ́ ní fásitì, èmi sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín ti lọ, iṣẹ́ wo lẹ kọ́kọ́ dá ṣe lẹ́yìn wọn? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, n óò kà á, bó ti wù kó kéré tó.

Tèmi rèé. Mo sùn sí Kòmu lọ́jọ́ náà. Láàárín ọjọ́ méjì, mo wọ gbogbo ilé tó wà nínú fáìlì Rábì, mo béèrè ìbéèrè rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́, mo sì kọ ohun tí wọ́n sọ.