Àdúrà Tí Mo Gé Kúrò Nínú Fídíò Ìgbéyàwó Mi

Ìyálé ìyá mi ló tọ́ mi. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Àáfà ni bàbá mi, ilé kéwú wọn wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìwó, àwọn ọmọ kéwú kò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè ọmọ kékeré. Ìyálé yìí ni mo ń pè ní Ìyá. Oko ni wọ́n ń ṣe lọ́nà Kuta. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń tà ni wọ́n fi rán mi níwèé títí mo fi di akọ̀wé bánkì ní Òṣogbo.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì èmi àti ìyàwó mi nílé wa, àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin ló gbé kámẹ́rà fídíò wá. Ọ̀mọ̀wé ni bàbá ìyàwó mi, ilé-ìwé gíga ni wọ́n ti ń kọ́ni. Ara mi ò balẹ̀ láti àárọ̀. Ìyá ti lọ wa iṣu tí àlejò máa jẹ, torí pé iṣu ọjà kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, àwọn àáfà ti jókòó. Ìyá ò tiẹ̀ yà fọ ẹsẹ̀. Aṣọ oko ni wọ́n wọ̀ wọlé, erùpẹ̀ wà lójúgun wọn. Wọ́n rí kámẹ́rà, wọ́n lọ dúró síwájú ẹ̀.

"Ṣé ó ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ?" ni wọ́n bi àbúrò ìyàwó mi.

"Ó ń gbọ́ yín, mà."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Wọ́n kì mí. Wọ́n dárúkọ ìyá tó bí mi, wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀ níbi tó wà, ọmọ tó fi sílẹ̀ ti di ọkọ ìyàwó. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Èmi ò ṣe àmín, ojú bàbá ìyàwó mi ni mò ń wò. Àdúrà náà gùn títí mo fi dìde, mo fà wọ́n lápá.

"Ìyá, ó tó báyìí. Ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, mo yá kámẹ́rà àti kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó wa lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó mi, ọ̀rẹ́ mi kan sì bá mi fi nǹkan pẹlẹbẹ kan sínú ẹ̀ tí wáyà kámẹ́rà lè wọ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń yí nínú kámẹ́rà ni àwòrán á máa wọ inú kọ̀ǹpútà. Kò ṣe é kánjú ṣe. Fídíò wákàtí kan, wákàtí kan náà ló máa gbà, bí iná bá sì lọ láàárín, a tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Màá gé èyí tí n kò fẹ́, màá so èyí tó kù pọ̀, màá wá gbà á padà sórí kásẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n ń wò nínú ilé.

Ìyàwó mi jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mo kan ibi tí Ìyá ti ń wúre.

"Ibí yìí dùn o," ló wí. "Ẹ má gé e."

"Kò sáyè nínú kọ̀ǹpútà mọ́."

Irọ́ ni mo pa. Àyè wà. Ilé àwọn àna mi ni kásẹ́ẹ̀tì náà ń lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹbí wọn tí kò wá síbi yìgì rí erùpẹ̀ ojúgun ẹni tó tọ́ mi. Mo fi àmì síbi tí Ìyá ti wọlé àti ibi tí wọ́n ti jáde, mo tẹ̀ ẹ́, ó parẹ́. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ojú ibi tí mo gé kò hàn.

Mo gbé ọ̀kan lọ sí Ìwó lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ìyá ti pe ọ̀rẹ́ wọn méjì, ọ̀kan wá láti Olúpọ̀nnà. Aṣọ tí Ìyá fi ń lọ sí yídì ni wọ́n wọ̀.

"Ẹ máa wò ó o," ni wọ́n ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn, "ibi tí mo ti wúre fún ọmọ mi ń bọ̀."

A wò ó títí ojú tẹlifíṣọ̀n fi di búlúù.

"Ṣé ó ti tán ni?" ni Ìyá béèrè.

"Ó ti tán, Ìyá."

"Èmi wá ńkọ́?"

"Kámẹ́rà ló ṣe ségesège níbẹ̀, Ìyá."

Ìyàwó mi wojú mi. Ọ̀rẹ́ Olúpọ̀nnà ní, "Ṣebí ìwọ lo ní..." Ìyá ò jẹ́ kó parí ẹ̀.

"Ẹ̀rọ ṣáà ni. Kí ni kì í bàjẹ́? Ẹ jẹ́ n gbé oúnjẹ wá."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá àbúrò ìyàwó mi pé kó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ní ẹ ti parí pẹ̀lú ẹ̀? Mo ti ya bọ́ọ̀lù táwọn ọmọ iléèwé wa gbá lé e lórí."

Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú kámẹ́rà, mo wò ó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ọmọ ń sáré kiri nínú eruku.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo jẹ́wọ́. Wọn ò dá ọ̀bẹ dúró.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ tí o ti fà mí lápá ni mo ti mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ nítorí mi. Kì í ṣe kámẹ́rà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ti gbọ́. Dìde nílẹ̀."

Mo dìde, ṣùgbọ́n mi ò lè wojú wọn.

Nígbà tí a ń sọ ọmọ wa kejì lórúkọ, àbúrò ìyàwó mi tún gbé kámẹ́rà wá. Ìyá ti múra dáadáa, àwọn ló gbé ọmọ lọ́wọ́. Bí kámẹ́rà ṣe kọjú sí wọn báyìí, wọ́n gbé ọmọ fún ìyá ìyàwó mi.

"Ìyá, ẹ jókòó o," ni mo wí.

"Ẹ máa yà á lọ. Ẹ jẹ́ n lọ wo ìkòkò lórí iná."

Mi ò gé nǹkan kan kúrò nínú fídíò yẹn. Mo ti wá ojú Ìyá nínú ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ̀yìn wọn nìkan ni mò ń rí, bí wọ́n ṣe ń jáde.